Ìbọn Bàbá àti Ewé Làpálàpá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí ìbọn kan ní ilé bàbá mi ní Fìdítì. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ máa ń rín, lẹ́yìn náà ni jìnnìjìnnì á wá bò mí. Orí ló yọ wá. Kì í ṣe ọgbọ́n tèmi rárá, ẹ̀yin náà á rí i bó bá yá.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni. Ilé ọkọ ni èmi Bísí wà ní Ìlọrà, mò ń ránṣọ níbẹ̀. Láyí, àbúrò mi ọkùnrin, ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Ìbàdàn. Àwa méjèèjì yìí náà ni Ọlọ́run fi ta àwọn òbí wa lọ́rẹ, nítorí náà nígbà tí a ti lọ tán, Bàbá àti Ìyá nìkan ló kù sílé.

Kápẹ́ńtà ni Bàbá mi kí ọjọ́ ogbó tó dé. Àwọn ni wọ́n kan èyí tó pọ̀ jù nínú bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ, dákọ́nì ni wọ́n níbẹ̀. Aláàánú èèyàn sì ni wọ́n. Bí ọdún Kérésì bá dé, Ìyá ló ń pa adìyẹ. Bàbá á ti wọ yàrá lọ, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n má baà gbọ́ igbe rẹ̀.

Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì nígbà tí mò ń wí yìí. Bí èèyàn bá dúró níwájú wọn, òjìji lásán ni wọ́n ń rí. Ìgbà tí onítọ̀hún bá kí wọn ni wọ́n tó máa mọ̀ pé lágbájá ni. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ ọ́? Bí ẹ bá ní ojú wọn ti ń rẹ̀, wọ́n á ní àtùpà ni kò tan dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan.

Ní ti Ìyá, orúnkún ni ìṣòro tiwọn. Ó ti wú, kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn dé ibi tó jìnnà. Ìyá mi kì í jà, wọn kì í sì í ráhùn. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n kàn dákẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹ yáa bẹ̀rù.

Ọdún yẹn ni àwọn olè kan bẹ̀rẹ̀ sí í da àdúgbò láàmú. Ewúrẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jí. A ní kò burú, ewúrẹ́ ni. Ìgbà tó yá, wọ́n wọ ilé opó kan nígbà tí gbogbo èèyàn lọ sóko, wọ́n kó àpótí aṣọ rẹ̀ lọ pátá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wọlé tọ bàbá arúgbó kan ní òpópónà kejì, wọ́n lù ú, wọ́n fọ́ ọ ní eyín. Ọ̀rọ̀ wá kúrò ní ti ewúrẹ́.

Ìròyìn náà dé etí mi. Mo wọ mọ́tò láti Ìlọrà, mo ní kí Bàbá àti Ìyá kó ẹrù kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọkọ mi ti fọwọ́ sí i, a tiẹ̀ ti gbá yàrá kan kalẹ̀. Bàbá wò mí bí ẹni pé mo bú wọn. Wọ́n ní àwọn kò ní lọ kú sílé àna àwọn. Wọ́n ní ilé tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn kan ilẹ̀kùn rẹ̀, òkú àwọn ni yóò jáde níbẹ̀. Mo bẹ̀ títí, mo sunkún. Ìyá kò sọ nǹkan kan.

Ni Láyí bá wá láti Ìbàdàn, a jókòó yí Bàbá ká ní pálọ̀. Àwa ọmọ sọ ojú abẹ níkòó: yálà kí wọ́n bá wa lọ, tàbí kí wọ́n fi ohun tí wọ́n máa fi ṣọ́ ilé hàn wá. Bàbá ní, "Ẹ ra ìbọn fún mi."

A rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí kò lè wo adìyẹ tó ń kú! Ṣùgbọ́n kí ni a máa ṣe? Ìbọn nìkan ni ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dúró sínú ilé wọn kí ọkàn àwa náà sì balẹ̀, tàbí bẹ́ẹ̀ ni a rò. Láyí ní kí n jẹ́ ká lọ yan èyí tó dáa, torí pé ìbọn pọ̀ lóríṣiríṣi, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá arúgbó mu. Mo gbà.

Bàbá ní ọ̀rẹ́ kan ní Imini, ọdẹ ni, Bàbá Ògúnlékè ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a gbà lọ, èmi, Láyí àti Bàbá. Nígbà tó gbọ́ ohun tí a bá wá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Dákọ́nì, ìwọ náà?" Bàbá ní ayé ló dà bẹ́ẹ̀.

Láyí ti ní tiẹ̀ lọ́kàn kí a tó dé ibẹ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ló fẹ́. Ó ní ó yá, èèyàn lè yìn ín lẹ́ẹ̀mejì láìtún un kì, olè tó bá rí ẹnu méjì á mọ̀ pé kò sí ibi tí òun máa sá gbà. Bàbá Ògúnlékè ní ọ̀kan nílé, ó gbé e fún Bàbá pé kó fi gbìyànjú lára ìbẹ́pẹ kan lẹ́yìn ilé. Bàbá gbé e lé èjìká, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n nítorí ó wúwo. Ìbọn náà dún. Nígbà tí èéfín ṣí, ìbẹ́pẹ wà lórí igi, Bàbá wà lórí ebè iṣu, fìlà wọn wà ní ibòmíràn. Láyí kò dárúkọ ẹlẹ́nu méjì mọ́ títí a fi délé.

Ó tún bèèrè nípa ìbọn ìléwọ́, èyí tí èèyàn lè fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Bàbá Ògúnlékè ní ọlọ́pàá kò lè fún arúgbó Fìdítì níwèé àṣẹ irú ìyẹn láéláé, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé ta ló fẹ́ lọ jà lólè.

Ó kan ṣakabùlà. Ìbọn tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ ni, tí wọ́n máa ń da ẹ̀tù sí lẹ́nu, tí wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, kí wọ́n tó ju ọta sí i. Àkọ́kọ́ tó mú jáde ga ju Bàbá lọ. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe máa gbé èyí yípo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìfi fọ́ àtùpà? Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó mú kúkúrú kan wá, èyí tí wọ́n rọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ọwọ́ kan rọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Tépù ìwọnṣọ mi kì í kúrò lọ́rùn mi. Mo fà á yọ, mo fi wọn apá Bàbá láti èjìká dé ọmọ ìka, mo wọn àyà wọn, mo wá fi wọn ìbọn. Ó ṣe wẹ́kú. Mo ní kí wọ́n gbé e, wọ́n gbé e, ọwọ́ wọn kò gbọ̀n. Mo ní kí ọdẹ da ẹ̀tù díẹ̀ sí i, ó dún, Bàbá sì dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Inú mi dùn bí ẹni tó rán dàńdógó tí kò fún níbì kankan. Bàbá Ògúnlékè ní òun kò rí i rí, ẹni tó ń wọn ìbọn bí aṣọ. Èmi náà ń ṣe fáàrí.

Kí a tó lọ, ó kì wá nílọ̀ lórí nǹkan méjì. Ó ní àwọn ọdẹ kì í gbé ìbọn tó ní ọta nínú kọ́ sílé. Bàbá dá a lóhùn pé kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó ki ìbọn tán, olè á ti dé Jọ́bẹ̀lẹ̀. Èkejì, ó ní àsìkò òjò la wà, kí a má jẹ́ kí ẹ̀tù rí ọ̀rinrin. Orí àjà ilé ìdáná, lókè ààrò, ni àwọn ọdẹ ń gbé tiwọn sí, kí ooru lè máa kàn án.

A gba ìwé àṣẹ, a gbé ìbọn délé. Ẹ ti mọ ẹni tó ni ilé ìdáná.

Nígbà tí Ìyá rí Bàbá tí wọ́n ń gun àpótí láti gbé akèrègbè ẹ̀tù lé orí àjà, wọ́n bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá sọ fún wọn. Ìyá bèèrè pé ṣé ohun tí iná ń mú yẹn ni wọ́n ń gbé sórí iná tí àwọn ń dá? Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ ń ṣe. Ìyá ní àwọn kì í ṣe ìyàwó ọdẹ. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ìyá dákẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá sọ òfin ìbọn fún wa. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ òfin yìí dáadáa, torí òun ló fẹ́ pa wá. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe apààyàn, àwọn kò ní yìnbọn lu ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bèèrè. Àwọn á ní, "Ta nìyẹn?" Bó bá dáhùn, ó parí. Bí kò bá dáhùn, àwọn á kí i. Wọ́n ní ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n máa kí tí kò ní dáhùn? Ẹni tó wọ ọgbà olọ́gbà tí wọ́n kí i tó sì dákẹ́, olè ni, ọ̀rọ̀ ti tán.

Láyí ní òfin náà dáa gan-an. Èmi náà ní ó dáa. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ kò ní gbà?

Láyí padà sí Ìbàdàn. Èmi dúró kí n lè rí i pé nǹkan tuntun yìí mọ́ Bàbá lára. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé akèrègbè sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, wọ́n fúnra wọn ki ìbọn. Wọ́n fi ọwọ́ ra ẹ̀tù wò, wọ́n fi imú gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní ó gbẹ dáadáa. Imú tí aṣáà ti bà jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá! Wọ́n kì í, wọ́n ju ọta sí i, wọ́n gbé e kọ́ sí ògiri lókè ibùsùn.

Àárọ̀ kan ni ó ṣẹlẹ̀. Àkùkọ ti kọ, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, kùrukùru bo ẹ̀yìnkùlé. Orí ẹní ni mo wà ní pálọ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí ibùsùn Bàbá dún. Mo tún gbọ́ nǹkan mìíràn láti ẹ̀yìnkùlé, bí ìgbà tí èèyàn ń já ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Làpálàpá ni Bàbá gbìn yí ọgbà ká. Nǹkan kan ń mi ín.

Kí n tó so ìró mọ́dìí, Bàbá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìbọn lọ́wọ́.

"Ta nìyẹn?"

Kò sí ìdáhùn. Mo sáré dé ẹ̀yìn wọn. Mo rí ẹnì kan nínú kùrukùru, ó wé aṣọ funfun mọ́ra, ó dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára làpálàpá.

"Mo ní ta nìyẹn? Ẹ káàárọ̀ o."

Bàbá kí i lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin wọn. Wọ́n tún un kí. Ẹni náà kò fọhùn. Ó kàn gbé ọwọ́ kejì sókè, ó fi bo ẹnu ara rẹ̀.

Ọwọ́ tó fi bo ẹnu yẹn ni mo fi dá a mọ̀. Ìyá Ọ̀ṣunbùnmi ni, aládùúgbò wa, ọlọ́ṣun tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Ewé àìfọhùn ló ń já. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ̀ ọ́n: ewé wà tó jẹ́ pé kí ojúmọ́ tó mọ́ ni wọ́n ń já a, ẹni tó ń já a kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbé e ka iná. Bí ó bá fọhùn, oògùn bàjẹ́. Bí ọba pàápàá bá kí i, kò ní dáhùn. Bàbá mọ̀ ọ́n, èmi mọ̀ ọ́n, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ nígbà tí à ń ṣòfin ìbọn.

Mo ké pé, "Bàbá, ẹ má yìn ín!" Láti inú yàrá ni Ìyá náà ti ń ké pé, "Bàbá Bísí, Ìyá Ọ̀ṣunbùnmi ni o!"

Ìka Bàbá ti fà á kí ohùn wa tó dé etí wọn.

Ó ṣẹ́ ṣáá. Òun náà nìyẹn. Kò dún, iná kò yọ lẹ́nu rẹ̀. Eruku dúdú díẹ̀ ló tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn sí Bàbá lọ́wọ́.

Ìyá Ọ̀ṣunbùnmi wo Bàbá, wọ́n wo èmi. Ewé ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún já mélòó kan mọ́ ọn, ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n tún já mélòó kan mọ́ ọn, wọ́n yí padà, wọ́n sì gba ojú ihò ọgbà lọ sílé wọn. Wọn kò sọ̀rọ̀.

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "Mo ti pààyàn. Àjíkẹ́, mo ti pààyàn." Mo ní Bàbá, ó rìn lọ o. Wọ́n ní òkú rẹ̀ ni mo rí. Ìyá ti tiro dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n ní òkú kì í ṣa ewé.

Mo gba ìbọn lọ́wọ́ Bàbá. Ọwọ́ mi dúdú. Mo béèrè pé kí ló dé tí kò dún, àbí òjò pa ẹ̀tù ni? Ìyá fara ti ògiri, wọ́n rọra jókòó ti Bàbá, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní kò lè dún. Èédú ni.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí a gbé ẹ̀tù dé gan-an, Ìyá dúró títí Bàbá fi sùn lọ́sàn-án, wọ́n fi ọ̀pá fa akèrègbè sọ̀kalẹ̀, wọ́n da ẹ̀tù sínú ihò ìdalẹ̀nù, wọ́n bu omi lé e. Wọ́n gún èédú ẹ̀yìn ààrò kúnná, wọ́n kúkú sẹ́ ẹ, wọ́n rọ ọ́ sínú akèrègbè, wọ́n sì gbé e padà síbi tó wà. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí ìbọn. Wọ́n ní àwọn kò kàn lè máa dáná ọbẹ̀ lábẹ́ ohun tó máa sun àwọn lọ́jọ́ kan, àwọn sì mọ̀ pé bí àwọn bá tún wí i, Bàbá kò ní gbọ́.

Ojú Bàbá pọ́n. Wọ́n kọjú sí Ìyá, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, o jẹ́ kí n máa gbé igi kiri inú ilé!" Wọ́n fẹ́ bínú, mo rí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe la ẹnu báyìí, ẹkún ló jáde. Wọ́n di ọwọ́ Ìyá mú, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Èmi náà bú sẹ́kún. Ara mi fúyẹ́ lọ́nà tí kò fúyẹ́ rí láti ìgbà tí mo ti bímọ.

Nígbà tí Bàbá nu ojú tán, wọ́n béèrè pé aláìsàn wo ni wọ́n ń já ewé fún nínú ọgbà àwọn láìjẹ́ kí àwọn mọ̀. Ìyá yí ojú sápá kan.

"Orúnkún mi ni."

Ṣé ẹ rí i? Ìyàwó dákọ́nì ni wọ́n. Wọn kò fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ pé ọlọ́ṣun ló ń tọ́jú àwọn, wọ́n sì fi pa mọ́ fún Bàbá. Èédú tí Ìyá gún ní bòókẹ́lẹ́ ló gba ẹni tó wá já ewé wọn ní bòókẹ́lẹ́. Bàbá mi orí. Wọ́n ní obìnrin tí àwọn fẹ́ pa, ẹsẹ̀ ìyàwó àwọn ló ń wò.

A kò lè jẹun láàárọ̀ yẹn. Ẹ̀rù ń bà wá pé àwọn èèyàn rẹ̀ máa tó dé, tàbí ọlọ́pàá. Bàbá wọ aṣọ, wọ́n fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tún padà wá jókòó. Oòrùn ti yọ dáadáa nígbà tí a gbọ́ àgò lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Ọ̀ṣunbùnmi ló wọlé, ìkòkò oògùn gbígbóná lórí wọn, òṣùká lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n kọjú sí Bàbá.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Bísí. Ẹ kí mi láàárọ̀, n kò lè dáhùn. Mo wá dáhùn."

Ni Bàbá bá dọ̀bálẹ̀. Dákọ́nì, àgbàlagbà, gbalaja! Ìyá Ọ̀ṣunbùnmi ń sá sẹ́yìn, wọ́n ní kí wọ́n dìde, wọ́n ní àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin. Bàbá kò dìde. Ìgbà tí wọ́n dìde tán ni obìnrin náà wá tú ohun tó wà nínú wọn sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó ti dákẹ́ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ní ọ̀rọ̀ nínú! Wọ́n bú Bàbá, wọ́n bú ìbọn, wọ́n bú ẹni tó tà á, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bú èmi náà. Wọ́n ní ìtọ̀ bọ́ lára àwọn, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọkàn àwọn le. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fọhùn nígbà tí wọ́n rí ẹnu ìbọn? Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò lọ́gbọ́n. Wọ́n ní bí àwọn bá fọhùn, ewé ti bàjẹ́ nìyẹn, ṣé èmi ni mo máa wá já òmíràn?

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Bàbá fọwọ́ ara wọn bu oògùn náà, wọ́n fi ra orúnkún ìyàwó wọn.

A dá ìbọn padà fún Bàbá Ògúnlékè. Nígbà tó yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tó rí i pé èédú ni, ó jókòó sórí odó, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo Bàbá, ó ní kó lọ fi odidi àgbò dá ìyàwó rẹ̀ lọ́lá.

Ìṣọ́ ilé ńkọ́? Láyí gbé rímù mọ́tò àlòkù kan wá láti Ìbàdàn, irú èyí tí àwọn ilé-ìwé ń lù bí agogo. A so ó kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a fi irin sí ìdí rẹ̀. Àwọn ará ilé Ìyá Ọ̀ṣunbùnmi àti gbogbo agbolé tó yí wa ká fohùn sí i pé ẹni tó bá gbọ́ ọ kó jáde. Kò nílò ojú, kò nílò ẹ̀tù. Olè tiẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Bàbá lu rímù náà, ìdajì àdúgbò tú jáde pẹ̀lú kùmọ̀ àti fìtílà, olè ju ewúrẹ́ sílẹ̀, ó sá gba ọ̀nà Ìwàré lọ. Bàbá sọ ìtàn yẹn títí ó fi sú wa. Inú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo wọn apá Bàbá mi, mo wọn àyà wọn, mo wọn gígùn ìbọn. N kò wọn ojú wọn, n kò sì béèrè irú àwọn èèyàn tó ń gba ọgbà wọn kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ fún àwọn arúgbó yín ní ohun tí wọ́n máa fi ṣọ́ ara wọn, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn méjèèjì, kì í ṣe pẹ̀lú ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù nìkan. Ẹ bi ìyá tó ń dákẹ́ léèrè ohun tó wà ní ọkàn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá ti gbọ́ tí làpálàpá ń mì láàárọ̀, wọn kò dìde. Orí ibùsùn ni wọ́n ti máa ń ké pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá," wọ́n á sì tún sùn. Tó bá di ọ̀sán, ìdáhùn á dé.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ẹ ti rà fún àwọn òbí yín rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di wàhálà? Ẹ sọ ọ́ fún wa ká jọ dúpẹ́. Mo ti kí yín o. Bí ẹ kò bá tíì lè dáhùn báyìí, ẹ gbé ewé yín ka iná ná, mo wà níbí.